Àgọ́ Orí Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń fẹsẹ̀ rìn láti Georgia dé Maine ní Amẹ́ríkà, ẹ kú ìrìn o. Ẹ ò ní fẹsẹ̀ kọ. Mo ní kí n kọ́kọ́ kí yín kí n tó máa fi yín ṣẹ̀fẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé wọn ò kọ́ mi nílé. Ìrìn tí ẹ ń rìn yìí, kò sí ọjà lópin rẹ̀, kò sí àna tí ẹ fẹ́ lọ kí, ẹnikẹ́ni ò sì jẹ yín lówó níbẹ̀. Ó lé ní 2,190 máìlì. Ó gba ìpínlẹ̀ 14 kọjá. Orí òkè kan ló ti bẹ̀rẹ̀, orí òkè mìíràn ló parí sí, ohun tó sì wà láàárín òkè méjèèjì, òkè náà ni. Oṣù márùn-ún sí méje lẹ fi ń rìn ín, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ òfurufú wà. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Baltimore, nígbà tí mo ṣàlàyé ọ̀nà yìí, tí wọ́n ń pè ní Appalachian Trail, fún un, ó bi mí tàánútàánú pé, "Ṣé ogun ló lé wọn ni?"

Rárá o, ogun kọ́. Ọ̀gbẹ́ni Benton MacKaye ló dá a lábàá ní 1921, nígbà tó sì di 1937, ọ̀nà náà já láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ títí dòní, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe é. Lọ́jọ́ Sátidé tí èèyàn gidi ń wọ aṣọ ẹbí, àwọn yìí á gbé ayùn wọ igbó, wọ́n á gé igi tó wó dínà, wọ́n á la ojú omi, wọ́n á fi ọ̀dà funfun kun ara igi, íǹṣì méjì ní fífẹ̀, mẹ́fà ní gígùn, kí ẹ̀yin lè mọ ibi tí ẹ ń lọ. Ẹ̀yin náà á wá dé, ẹ ó tẹjú mọ́ fóònù, ẹ ó sì sọnù.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ibùdó àgọ́ tuntun ló gbé mi dìde lónìí. Bí wọ́n bá sọ fún ọmọ Yorùbá pé wọ́n ti ṣe ibùdó tuntun sójú ọ̀nà, ohun tó máa rò ni pé wọ́n ti tẹ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ, wọ́n gbin koríko, wọ́n fa iná síbẹ̀. Irọ́ ńlá! Wọ́n fojú wá ibi tí òkè ti dà gẹ̀rẹ́, ibi tí ewúrẹ́ á ti ro ara rẹ̀ wò kó tó dúró, wọ́n ní ibẹ̀ ni kí ẹ ti sùn. Ilẹ̀ tó tẹ́jú wà nítòsí o. Wọ́n ń wò ó. Òun gan-an ni wọn ò fẹ́ kí ẹ dé.

Kí lẹ ṣe tí wọ́n fi fi irú èyí ṣe yín? Ẹ jẹ́ ká bára wa sọ òótọ́: ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín fà á.

Ní Maryland, létí títì US 40, béèyàn bá gba ọ̀nà yìí gun òkè fún máìlì méjì ó lé díẹ̀, á dé orí àpáta kan tí wọ́n ń pè ní Annapolis Rock. Ẹ dúró níbẹ̀ nírọ̀lẹ́, ẹ ó rí àfonífojì tó lọ salalu, ẹ ó rí adágún omi Greenbrier nísàlẹ̀, oòrùn á sì máa wọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán yín. Ibẹ̀ lẹ́wà, n ò ní tìtorí ẹ̀fẹ̀ parọ́. Àbùkù kan ṣoṣo tó ní ni pé kò jìnnà sí Washington àti Baltimore. Ẹni tó bá jáde níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀ lè débẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Nígbà kan rí, ẹ̀yìn àpáta yẹn gan-an, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ni gbogbo ayé ń pàgọ́ sí. Ẹnìkan dé, ó pa tirẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹnìkejì dé, ó gbọ́ bí ẹni àkọ́kọ́ ṣe ń hanrun, ó ní òun ò lè fara da èyí, ó sún sẹ́yìn, ó tẹ koríko mọ́lẹ̀. Ẹni kẹta rí i pé ilẹ̀ àwọn méjì yìí ti di ẹrẹ̀, ó wá ibòmíràn. Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ kan gòkè wá pẹ̀lú olùkọ́ wọn, wọ́n dáná sáàárín, wọ́n sì ṣẹ́ gbogbo ẹ̀ka igi tí ọwọ́ wọn tó fi dá a. Nígbà tí yóò fi di ọdún mélòó kan, àgọ́ tó yẹ kó wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ti parapọ̀ di pápá kan ṣoṣo. Koríko ò sí mọ́, gbòǹgbò igi yọ síta, bí òjò kan bá sì ti rọ̀, erùpẹ̀ a máa bá omi lọ sísàlẹ̀.

Ẹ̀yin Yorùbá tí ẹ ń ka èyí, mo mọ̀ pé ẹ ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ta ló tún mọ ìwà yìí jù wá lọ? Ẹ fún wa ní títì tó tẹ́jú, ká jọ gbà pé kánópì méjì péré la máa gbé síbẹ̀ fún ìsìnkú Màmá. Aago mẹ́wàá àárọ̀, kánópì méjì náà ni. Aago mọ́kànlá, ìyàwó kékeré ní ẹgbẹ́ òun ò lè jókòó sí ibi tí ẹgbẹ́ ìyáálé wà, ó di mẹ́ta. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó di mẹ́rin. Àwọn alásè gba ẹnu géètì aládùúgbò. Onílù ò fẹ́ oòrùn. Akọrin ní súpíkà òun gbọ́dọ̀ kọjú sí ìlà oòrùn, ẹ má bi í pé kí ló dé. Tó bá fi máa di aago méjì, títì ti dí pa, ọkọ̀ tó gbé aboyún ń fi ẹ̀yìn rìn padà, ẹni tó sì dí ọ̀nà ń fi abẹ̀bẹ̀ kí awakọ̀ pé, "Ẹ má bínú, ẹ yà jẹun." Kì í ṣe pé a burú o. Ilẹ̀ ló tẹ́jú.

Ohun tí Ọ̀gbẹ́ni Jeff Marion rí nìyẹn. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ni, iṣẹ́ rẹ̀ ò sì ju pé kó máa mú téèpù wọ igbó, kó máa wọn ilẹ̀ tí ẹ ti tẹ̀ pá. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà láyé, wọ́n sì ń sanwó oṣù fún un! Ọ̀pọ̀ ọdún ló ti ń wọ̀n yín. Ẹ má rò pé ó ń wo ojú yín, ìdí yín ló ń wò, ibi tí ẹ jókòó sí àti bí ibẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Ó wá rí i pé àkọlé kò ràn yín. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé ẹ má pàgọ́ síbí, ẹ sá ìbọ̀sẹ̀ tútù sórí àkọlé náà. Wọ́n bẹ̀ yín, wọ́n fún yín ní ìwé pélébé, ẹ fi ìwé náà ko iná. Kò sí ohun tó lè dá ẹni tó ń wá ibi ìsùn dúró ju ibi tí kò ti lè sùn lọ.

Bí wọ́n ṣe wá ń ṣe ibùdó tuntun náà rèé. Wọ́n á mú dígà àti ṣọ́bìrì, wọ́n á gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ òkè wọnú, wọ́n á kó erùpẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ síwájú, wọ́n á fi òkúta tàbí ìtì igi há a kó má baà ya lọ. Wọ́n á la kòtò sẹ́yìn rẹ̀ kí omi tó ń ṣàn bọ̀ láti òkè lè gba ibẹ̀ yà, wọ́n á sì jẹ́ kí ojú ilẹ̀ náà tẹ̀ síwájú díẹ̀ kí òjò má baà dúró sábẹ́ yín. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ kékeré yẹn á gba àgọ́ kan, bóyá méjì. Ó parí. Lókè rẹ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Nísàlẹ̀ rẹ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ sún sẹ́yìn, òkè á tì í bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sún síwájú, kó kọ́kọ́ dágbére fún ìyàwó rẹ̀. Ibùdó tó tún kàn wà lọ́wọ́ ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, igi wà láàárín, kálukú á máa dá gbọ́ ìhanrun tirẹ̀.

Ibi tó ti tẹ́jú tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀rín ni wọ́n fi pa mí nígbà tí mo gbọ́ èyí. Wọ́n á lọ gbé òkúta ńláńlá, wọ́n á ri wọ́n mọ́lẹ̀ káàkiri ibẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú òkúta náà á wọlẹ̀, ṣóńṣó rẹ̀ nìkan ló máa yọ síta. Lójú, bí ẹni pé bí Ọlọ́run ṣe dá ibẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá ṣorí kunkun, tó tẹ́ ẹní sáàárín wọn lóru, ìbàdí rẹ̀ ni yóò rojọ́ láàárọ̀. Ní Annapolis Rock, láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000 ni wọ́n ti kó gbogbo èèyàn kúrò létí àpáta lọ sí ẹ̀gbẹ́ òkè. Wọ́n tún fòfin de iná dídá. Wọ́n fòfin de ọtí. Wọ́n fi olùṣọ́ kan síbẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ ṣọ́ra fún òyìnbó tó bá ń rẹ́rìn-ín músẹ́ nínú igbó, ìwé òfin wà lápò rẹ̀.

Ní Georgia, níbi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀, wàhálà náà tún gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ yọ. Orí Springer Mountain ni gbogbo yín ti ń gbéra, lóṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin, ẹ ó rọ́ gìrọ́gìrọ́. Gbogbo yín lẹ fẹ́ nìkan wà pẹ̀lú igi àti ìràwọ̀. Gbogbo yín lẹ sì pàdé ní Hawk Mountain lálẹ́ ọjọ́ kìíní, nítorí pé bíi máìlì mẹ́jọ ló wà, níbi tí eékún gbogbo èèyàn ti ń fọhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ahéré tó wà níbẹ̀ ò gbà yín, ilẹ̀ tó yí ahéré ká ò gbà yín. Ni wọ́n bá lọ gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ òkè nítòsí ibẹ̀, wọ́n tò yín sórí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ sá kúrò nílé nítorí ariwo ọmọ aráyé, ṣé ẹ ti wá rí i báyìí pé aráyé ọ̀hún wà lẹ́yìn yín pẹ̀lú àpò, wọ́n ń bèèrè bóyá ẹnìkan ń lo ibi ọwọ́ òsì yín?

N ò tíì sọ̀rọ̀ ẹrù tí ẹ gbé. Ẹnìkan nínú yín gé ìdí búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín rẹ̀ dànù kí ẹrù lè fúyẹ́. Ó gé àmì ara aṣọ rẹ̀. Ó fi òṣùwọ̀n wọn ṣíbí, ó rí i pé ṣíbí náà wúwo, ó lọ ra òmíràn tó fúyẹ́ ní ìlọ́po owó. Ikùn tó gbé wá láti ilé, tó wúwo ju gbogbo àpò náà lọ, òun nìkan ni kò rí ibi tó máa ti gé. Ẹlòmíràn sì rèé, àdá, àáké, fìtílà mẹ́ta, ìrọ̀rí, ìwé ńlá kan tó ní òun máa kà parí. Ní Neel Gap, tí kò tíì tó máìlì 35 sí ibi tí wọ́n ti gbéra, ìsọ̀ kan wà tí wọ́n ti máa ń tú irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wò, tí wọ́n á sì fi ìdajì rẹ̀ ránṣẹ́ padà sílé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, igi kan wà níwájú ibẹ̀ tí bàtà kún orí rẹ̀ bí èso. Èyí tó pọ̀ nínú bàtà náà, owó rẹ̀ tó owó ilé oṣù mélòó kan ní Ìbàdàn, àwọn tó ni wọ́n sì ti wọ bàtà tó ṣẹ́kù fún wọn lọ sí ibùdókọ̀.

Ẹni tó ń dójú tì yín ni Màmá Emma Gatewood. Ní 1955, màmá yìí jẹ́ ẹni ọdún 67, ó ti bí ọmọ 11. Ó sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé òun ń lọ nasẹ̀ díẹ̀. Díẹ̀! Ó wọ bàtà kánfáàsì, ó rán àpò aṣọ kan fúnra rẹ̀, ó fi kọ́ èjìká, ó mú bùláńkẹ́ẹ̀tì àti kọ́tìnì oníke ti balùwẹ̀ nítorí òjò. Kò gbé àgọ́. Ó rìn láti Georgia dé Maine, nígbà tó sì di 1957, ó tún lọ rìn ín lẹ́ẹ̀kejì, bóyá ó gbàgbé nǹkan síbẹ̀. Màmá bẹ́ẹ̀, ẹ tẹ́ ilẹ̀ fún un tàbí ẹ dà á gẹ̀rẹ́, á sùn. Ẹ̀yin ni ẹ ń gbé ike kékeré kan wá tó ń sọ bóyá ilẹ̀ tẹ́jú.

N ò ní fa ọ̀rọ̀ ìgbọ̀nsẹ̀ gùn. Níbi tí kò bá ti sí ṣáláńgá, òfin ni pé kí ẹ rìn jìnnà tó 200 ẹsẹ̀ bàtà sí omi, sí ọ̀nà àti sí àgọ́, èyí tó tó bíi ìṣísẹ̀ 70 ti àgbàlagbà. Lẹ́yìn náà, kí ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó íǹṣì mẹ́fà sí mẹ́jọ. Òfin tó mọ́gbọ́n dání ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe òfin náà kò jẹ ẹ̀wà gbígbẹ inú ọ̀rá tí wọ́n fi omi gbígbóná rin. Ta ló fẹ́ ka ẹní, èjì, ẹ̀ta dé 70 ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, lóru, tó tún mú ọkọ́ kékeré dání? Ìdí nìyẹn tí mo fi yin àwọn tó ń kọ́ ṣáláńgá sí ibùdó tuntun. Béèyàn bá ṣe tán, á bu ẹ̀kúnwọ́ ewé gbígbẹ tàbí èérún igi, á dà á sí i, á máa jẹrà níwọ̀ǹba. Kò sí omi, kò sí ariwo. Kìkì pé ilẹ̀kùn rẹ̀ nígbà mìíràn kọjú sí ojú ọ̀nà, ẹni tó ń kọjá á sì kí yín.

Béárì ló kù. Ìrẹsì, ṣokoléètì, ọṣẹ ìfọyín, ìpara, ohunkóhun tó bá ti ní òórùn, ẹ ò gbọdọ̀ gbé e wọnú àgọ́. Wọ́n ń ṣe àpótí irin sí àwọn ibùdó mìíràn, wọ́n ta okùn irin sókè sí òmíràn kí ẹ lè fi àpò oúnjẹ kọ́. Láàárín Jarrard Gap àti Neel Gap, máìlì márùn-ún péré, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta dé ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà, ẹni tó bá fẹ́ sùn níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní agolo líle tí béárì ò lè ṣí. Ọ̀pọ̀ nínú yín, dípò kí ẹ ra agolo náà, ẹ máa ń fi eékún tó ti kú tán sáré la ibẹ̀ kọjá. Béárì ò lé yín, owó agolo ló lé yín.

Ọ̀rọ̀ owó yẹn ló tún rán mi létí àwọn ahéré ojú ọ̀nà, tí wọ́n lé ní 250. Ògiri mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ wọn ní, ẹ̀gbẹ́ kẹrin wà ní ṣíṣí kí eku má baà kanlẹ̀kùn. Ní ọgbà ìjọba tí wọ́n ń pè ní Great Smoky Mountains, dọ́là 8 ni wọ́n ń gbà lórí èèyàn kan fún alẹ́ kan. Eku kì í san nǹkan kan. Nígbà tí ẹ bá sì rìn dé agbedeméjì ọ̀nà, ní Pine Grove Furnace ní Pennsylvania, ẹ ó ra ìdajì gálọ́ọ̀nù áísìkiriìmù, ẹ ó jókòó, ẹnìkan á dá a jẹ tán láti fi hàn pé òun ti di ọkùnrin. Ẹ gba ìlera wá sínú igbó, ẹ fi áísìkiriìmù lé e jáde.

Àwọn èèyàn wa tó wà ní Maryland náà ti ń gbọ́ nípa òkè Annapolis Rock o. Ẹ bá mi fojú inú wo Bàbá Ìbejì láti Lanham, tí dókítà ní kó máa rìn. Ó pé ẹni àádọ́ta ọdún lóṣù yìí. Ó rí àwòrán Annapolis Rock lórí fóònù, ó ní ibẹ̀ lòun ti máa ṣe ọjọ́ìbí. Ó gun òkè dé, òógùn bò ó, ọkùnrin méjì ló gbé kúlà tẹ̀lé e. Olùṣọ́ pàdé wọn.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Kí ló wà nínú kúlà yẹn?"

"Oúnjẹ díẹ̀."

"Àwọn yẹn ńkọ́?"

"Àga ni. Ogún péré. Àwọn kan ṣì ń bọ̀ nísàlẹ̀."

"Ẹ dákun sà, àgọ́ kan ni ibùdó yín gbà."

"Mo rí i. Níbo làwọn yòókù máa wà?"

Olùṣọ́ nawọ́ sókè: gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ó nawọ́ sísàlẹ̀: gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ìyá Ìbejì wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀, ó wo bàtà gogoro tó gbé dání láti ìdí òkè. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé ibi tẹ́ ẹ ní ká ti wá ṣe àádọ́ta ọdún yín nìyí? Níbo ni mo fẹ́ dúró sí kí n tó kúnlẹ̀ kí yín?" Ẹ̀fọ́ rírò wà nínú kúlà, irú wà nínú ẹ̀fọ́ náà, ẹja gbígbẹ wà níbẹ̀. Òórùn irú kì í bèèrè ìwé àṣẹ kó tó gba inú igbó kọjá. Bí béárì kan bá fi lè tọ́ irú wò lọ́jọ́ yẹn, kò ní jẹ ìdọ̀tí arìnrìn-àjò mọ́ láyé rẹ̀, Lanham ló máa wá wọn lọ.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Mo ní òyìnbó ti borí wa, ọgbọ́n gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ti ṣe ohun tí ọlọ́pàá àti lándílọ́ọ̀dù ò lè ṣe. Mo tiẹ̀ ti ń gbèrò láti kọ̀wé sí Ọ̀gbẹ́ni Marion pé kó jọ̀wọ́ kó bá wa yọjú sí Sùúrùlérè, kó wá fi dígà dá àwọn títì kan gẹ̀rẹ́ fún wa. Bẹ́ẹ̀, n ò mọ̀ pé Bàbá Ìbejì ti jókòó sórí kúlà, ó gbájú mọ́ òkè, ó ń ronú. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yìí mà dára o. Ó ní kí àwọn ìjòyè jókòó lókè, kí àwọn ẹgbẹ́ tẹ̀lé wọn, kí àwọn ọ̀dọ́ tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Òun tó ń ṣọjọ́ìbí á dúró sójú ilẹ̀ pẹrẹsẹ nísàlẹ̀, kò ní sí ẹni tó máa sọ pé gèlè ẹnìkan dí òun lójú. Owó tí wọ́n bá sì fọ́n láti òkè, ibo ló tún fẹ́ yí sí bí kò ṣe ọ̀dọ̀ òun?